Abéèrè Lábẹ́ Ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù

Ẹni tó bá fẹ́ wọkọ̀ láti Ọ̀ṣòdì lọ sí Ìyànà Ìpájà kò nílò ìwé kankan. Etí àti ẹnu rẹ̀ ti tó. Kọ̀ńdọ́ ń ké orúkọ ibi tí dáńfó rẹ̀ ń lọ, ìyá tó ń ta ẹ̀pà lẹ́bàá títì mọ ibi tí ọkọ̀ tó ń gba àárín àdúgbò ti ń kún, bí èrò bá sì fẹ́ bọ́ sílẹ̀, á ké "Ó wà o!", dẹ́rẹ́bà á sì gbọ́. Òwe wa tó ní abéèrè kì í ṣìnà, òun gan-an ni ètò ìrìnnà níbẹ̀. Ẹ wá mú ẹni yìí kan náà, kí ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù. Yóò bá ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, èyí tí àwọn èèyàn wa tó ń gbé Ìlú Ọba ń pè ní túúbù: ìlà mọ́kànlá, ibùdókọ̀ 272, irin tó gùn tó 400 kìlómítà. Kò ní rí kọ̀ńdọ́, kò sì ní gbọ́ ẹni tó ń ké. Síbẹ̀, ó lè gbéra láti Heathrow kó dé Cockfosters, tó wà ní ìpẹ̀kun ìlú lódì kejì, láì la ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó jọ bí ẹni pé ìlú náà ti sọ òwe wa di asán. Èrò tèmi ni pé òwe náà ṣì dúró. Ohun tí ìlú náà ṣe ni pé ó ti bá àlejò béèrè ọ̀pọ̀ ìbéèrè sílẹ̀, ó kọ ìdáhùn wọn sára ògiri, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ sẹ́nu èèyàn. Ohun tó sábà ń dààmú àlejò nínú túúbù ni pé kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ògiri parí sí, tí ọ̀rọ̀ ẹnu ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà tún ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ó pẹ́ kí àwọn tó ni túúbù tó fi èyí sọ́kàn. Ìlà àkọ́kọ́, láti Paddington sí Farringdon, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kìn-ín-ní ọdún 1863, òun sì ni ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ àkọ́kọ́ lágbàáyé. Ẹ̀rọ tó ń lo ooru omi ló ń fà á, èéfín sì ń kún inú ihò náà. Ọdún 1890 ni ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú ihò tó jìn gan-an, láti àárín ìlú kọjá lábẹ́ odò Thames lọ sí Stockwell. Ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbẹ́ àwọn ìlà náà, oníkálukú ń ṣe é bó ṣe wù ú. Máàpù ayé ọjọ́un ń gbìyànjú láti sọ òtítọ́ nípa ilẹ̀: bí irin bá wọ́ lábẹ́ ilẹ̀, á wọ́ lórí ìwé, bí ibùdókọ̀ mẹ́ta bá fún mọ́ra láàárín ìlú, orúkọ wọn á fún mọ́ra títí kò fi ní ṣeé kà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Harry Beck, ayàwòrán iṣẹ́ ẹ̀rọ, ló jókòó lọ́dún 1931 tó bi ara rẹ̀ pé ẹni tó wà nínú ihò kò rí ilẹ̀, kí ló fẹ́ fi kọ́rọkọ̀rọ ilẹ̀ ṣe? Ohun tó ń wá kò ju ibi tí yóò ti wọkọ̀, ibi tí yóò ti pààrọ̀ ọkọ̀, àti ibi tí yóò ti sọ̀ kalẹ̀. Beck na gbogbo ìlà bí ẹni ta okùn aṣọ: òmíràn dúró ṣánṣán, òmíràn dùbúlẹ̀, òmíràn dagun. Ó fẹ àárín ìlú níbi tí ibùdókọ̀ pọ̀ sí, ó sì fún ẹ̀yìn odi pọ̀. Àwọn ọ̀gá kọ́kọ́ kọ iṣẹ́ náà pé ó ti yàtọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún aráàlú ní 1933, kíá ni wọ́n gbà á, ipasẹ̀ rẹ̀ sì ni máàpù túúbù ṣì ń tọ̀ lónìí. Mo ka iṣẹ́ yìí sí ọ̀kan nínú oore tó tóbi jù tí ẹnikẹ́ni ṣe fún àlejò rí. Ẹni tó dé lánàá àti ẹni tí wọ́n bí sí ìlú náà ń wo ìwé kan náà, ìdáhùn kan náà ló sì ń fún àwọn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ ibì kan nínú àwòrán ti fún ibòmíràn. Ẹ wo Leicester Square àti Covent Garden lórí ìlà Piccadilly. Lójú máàpù, àlàfo tó wà láàárín wọn kò yàtọ̀ sí àlàfo tó wà láàárín ibùdókọ̀ méjì yòówù. Lójú ilẹ̀, kò tó 300 mítà. Ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ á débẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Àlejò tó gbọ́kàn lé máàpù á sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò ní Leicester Square, á dúró de ọkọ̀, á wọ̀ ọ́, kó sì tó rí ibi dì mú, ọkọ̀ á ti dúró ní Covent Garden. Níbẹ̀ ni yóò ti bá èrò tó ń dúró de lífìtì. Bó bá wò yíká tó rí àtẹ̀gùn tí kò sí ẹnìkan lórí rẹ̀, inú rẹ̀ lè dùn pé òun ti rí ọ̀nà àbùjá. Àkọlé wà níbẹ̀ tó ń kìlọ̀ fún un, nítorí àtẹ̀gùn náà jẹ́ 193 ìgbésẹ̀, ó ń yí po bí ìkarahun ìgbín, kò sì sí ibi tí èèyàn ti lè jókòó sinmi kó tó dé òkè. Ẹni tó gbé ẹrù tàbí tí orúnkún ń dùn á ti mọ̀ kó tó gùn ún dé ìdajì. Gbogbo owó àti wàhálà yìí, nítorí ibi tí ì bá fẹsẹ̀ rìn dé ni, kó sì máa wo ilé ìtàgé àti àwọn tó ń kọrin lẹ́bàá ọ̀nà.

Irú rẹ̀ pọ̀. Òpópónà kan náà ni ibùdókọ̀ Bayswater àti ibùdókọ̀ Queensway wà, ìrìn ìṣẹ́jú mélòó kan ló wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n máàpù á ní kí ẹni tó fẹ́ ti ọ̀kan lọ sí èkejì kọ́kọ́ gba Notting Hill Gate, kó pààrọ̀ ọkọ̀ níbẹ̀, kó tó padà wá. Ibùdókọ̀ méjì ló ń jẹ́ Edgware Road, títì ló là wọ́n láàárín, kò sì sí ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tó so wọ́n pọ̀. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kó pàdé àwọn ní Edgware Road lè dúró sí ọ̀kan kí àwọn yòókù dúró sí èkejì, kí gbogbo wọn sì máa bínú síra wọn. Àwọn tó ni máàpù náà mọ̀ nípa èyí. Ní 2015, Transport for London, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ìlú náà, gbé máàpù mìíràn jáde tó kọ iye ìṣẹ́jú tí èèyàn yóò fi fẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀ kan sí ìkejì. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní 2009, wọ́n ti yọ odò Thames kúrò lójú máàpù kí ìwé lè fúyẹ́. Ariwo ta. Olórí ìlú ìgbà náà, Boris Johnson, ní kí wọ́n dá a padà, wọ́n sì dá a padà. Odò yẹn nìkan ni ohun tó kù lórí máàpù Beck tó jẹ́ ti orí ilẹ̀, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù kò sì gbà kí wọ́n gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn. Mo rò pé wọ́n jàre. Bí àlejò kò bá mọ̀ bóyá òun wà ní òkè odò tàbí ní ìsàlẹ̀ odò, ìbéèrè wo ló fẹ́ mọ̀ ọ́n béèrè?

Nítorí náà, ohun tí máàpù ń dáhùn ni "Èwo ni kí n wọ̀?" Kò lè dáhùn "Ṣé kí n tilẹ̀ wọ̀ ọ́?" Ìbéèrè kejì yìí ló ṣáájú, ẹnu èèyàn ló sì wà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n ni àwọ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀, àwọn tó ṣe é sì rò pé àwọ̀ ni èdè tí gbogbo ayé gbọ́. Ẹ jẹ́ ká wo ìyá kan tó ti Ìbàdàn wá láti wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ rẹ̀, tí wọ́n sọ fún pé, "Ẹ̀yin ẹ ṣáà wọ èyí tó pupa, mà." Nínú èdè tí ìyá yìí fi dàgbà, agbo mẹ́ta ni àwọ̀ pín sí: funfun, pupa, dúdú. Epo pupa, èèyàn pupa, ilẹ̀ pupa, ọsàn tó pọ́n, gbogbo wọn ló wọ agbo pupa, bẹ́ẹ̀ wọn kò jọra lójú ẹnikẹ́ni. Kí ó wá gbójú sókè wo máàpù. Ìlà Central pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ìlà Bakerloo rí bí amọ̀ tí wọ́n fi mọ ìkòkò. Ìlà Circle rí bí èso ìyeyè. Ìlà Metropolitan jẹ́ àwọ̀ elése àlùkò, tí àwa gba orúkọ rẹ̀ lára ìyẹ́ ẹyẹ. Ìlà Hammersmith & City jẹ́ pupa tó ṣá, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní píǹkì. Márùn-ún nìyẹn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ìyá náà kò lè pè ní pupa láì purọ́. Bí wọ́n bá ní kó wọ èyí tó dúdú ńkọ́? Northern dúdú ní tòótọ́. Piccadilly rí bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró. District sì rí bí ewé tó gbó. Ojú ìyá náà dá ṣáṣá, ọpọlọ rẹ̀ sì pé. Àwọn aláró Ìtòkú ní Abẹ́òkúta mọ aró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú àti aró tó gbó yàtọ̀ síra ju bí ayàwòrán Lọ́ńdọ̀nù ṣe lè mọ̀ ọ́n lọ. Àmọ́ ibi tí èdè kan ti pààlà, èdè mìíràn lè má pààlà níbẹ̀, àwọ̀ tí wọ́n rò pé kò nílò ògbufọ̀ sì nílò rẹ̀.

Ibi tó ti le jù ni King's Cross. Pèpéle kan náà ni ọkọ̀ Circle, ọkọ̀ Hammersmith & City, àti ọkọ̀ Metropolitan ti ń gbé èrò: ìyeyè, píǹkì, àti àlùkò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, lórí irin kan náà. Àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lára ògiri níbẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri kò lè sọ èyí tó ń bọ̀ wẹ́rẹ́ yìí. Ohun tó lè sọ ọ́ ni orúkọ ìpẹ̀kun ìrìnàjò tí wọ́n kọ síwájú ọkọ̀ àti sórí pátákó oníná lókè pèpéle. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tó bá ń júwe ọ̀nà fún àgbà kò gbọdọ̀ fi àwọ̀ nìkan júwe. Kó sọ orúkọ ìlà, kó sọ orúkọ ibi tí ọkọ̀ yóò parí sí, kó sì kọ méjèèjì sínú ìwé pélébé tí ìyá lè mú dání, kí wọ́n lè fi han ẹlòmíràn bó bá rú wọn lójú. Ìwé pélébé yẹn kì í tì. Ìbéèrè tí a ti kọ sílẹ̀ ni, tó ń dúró de ẹni tí yóò dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ ibi tí èèyàn dojú kọ náà tún wà níbẹ̀. Ní Paris, orúkọ ibùdókọ̀ ìparí ni wọ́n fi ń mọ apá tí ọkọ̀ ń lọ. Lọ́ńdọ̀nù ń lo àríwá, gúúsù, ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, àkọlé á sì ní kí o yà sọ́tùn-ún fún ọkọ̀ tó ń lọ ìlà oòrùn. Àwa fi oòrùn sọ orúkọ apá méjì yìí nítorí pé a ń rí ibi tó ti ń là àti ibi tó ń wọ̀. Nínú ihò tó jìn tó 20 mítà, kò sí oòrùn, kò sí òjìji, kò sí igi tàbí ilé ńlá tí èèyàn lè fi ṣe àmì. Orúkọ ìlà pàápàá lè tan èèyàn: ìlà tí wọ́n ń pè ní Northern, ìyẹn ti àríwá, òun ló dé Morden, ibùdókọ̀ tó wà ní gúúsù jù lọ nínú gbogbo túúbù. Ìlà Circle, tí orúkọ rẹ̀ ń sọ pé ó ń yí po, ti yí padà láti oṣù kejìlá ọdún 2009: ó ń bẹ̀rẹ̀ ní Hammersmith, á lọ yí àárín ìlú ká, á sì parí sí Edgware Road. Ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ tó ń retí kí ó gbé òun yí po títí á rí i pé wọ́n ní kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀.

Ní ti owó, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tó ti fi káàdì Cowry wọ ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ní Èkó, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, mọ bí wọ́n ṣe ń fi káàdì kan ẹ̀rọ. Ti Lọ́ńdọ̀nù, yálà káàdì Oyster tó ti wà láti 2003 tàbí káàdì báńkì tí wọ́n gbà láti 2014, èèyàn gbọ́dọ̀ fi kan ẹ̀rọ nígbà tó bá ń wọlé àti nígbà tó bá ń jáde. Bí kò bá fi kàn án nígbà tó ń jáde, owó tó ga jù ni wọ́n á yọ. Fóònù àti káàdì kì í ṣe ohun kan náà lójú ẹ̀rọ, kódà bó jẹ́ àpò owó kan náà ni wọ́n ń fà látinú rẹ̀. Ẹni tó fi fóònù wọlé kó fi fóònù jáde. Káàdì kan kò sì lè gbé èèyàn méjì. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mọ́kànlá kì í sanwó bí àgbà bá mú wọn dání, ọ̀pọ̀ òbí tó wá ṣàbẹ̀wò ni kò sì mọ̀ nítorí pé wọn kò béèrè.

Ibi tí máàpù ti dákẹ́ jù fún àwọn èèyàn wa ni gúúsù odò. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó bá ti ilé wá, apá Peckham àti Old Kent Road ni wọ́n ń wá ẹbí wọn lọ, níbi tí iṣu, ẹ̀fọ́ àti pọ̀nmọ́ wà lórí àtẹ. Túúbù kò dé ibẹ̀. Ìlà Bakerloo parí sí Elephant & Castle; ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn yóò fà á gba Old Kent Road lọ sí Lewisham, wọn kò sì tíì fà á. Ọ̀kan lára ohun tí kò jẹ́ kí túúbù dé apá yẹn ni pé nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ, àwọn ilé-iṣẹ́ rélùwéè ti ta irin wọn káàkiri gúúsù lójú ilẹ̀, àwọn tó ń gbẹ́ ihò sì dojú kọ àríwá. Ẹni tó bá ka máàpù bí ẹni pé ohun tí kò sí níbẹ̀ kò sí láyé, á rò pé apá yẹn ìlú ṣófo. Ó sì kún fọ́fọ́. Ọkọ̀ ojú irin mìíràn, Overground, ń dé Peckham Rye. Ní 2024 ni wọ́n sọ ìlà rẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ ní Windrush, ní ìrántí àwọn ará Caribbean tó bá ọkọ̀ òkun Empire Windrush gúnlẹ̀ ní 1948 àtàwọn tó tẹ̀ lé wọn. Bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì náà ń lọ síbẹ̀ tọ̀sán tòru. Owó rẹ̀ kéré sí ti túúbù, ẹni tó bá sì ti san án lè wọ bọ́ọ̀sì mìíràn láàárín wákàtí kan láì sanwó kún un, àmọ́ kò gbọdọ̀ mú owó beba dání, nítorí láti 2014 ni bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò ti gba owó lọ́wọ́ mọ́. Lórí bọ́ọ̀sì yẹn, ní àjà òkè, ni àlejò ti lè rí bí ìlú ṣe so mọ́ra: afárá, odò, ọjà, ilé ìjọsìn. Bí a bá ti ń sọ fún àlejò pé túúbù ni Lọ́ńdọ̀nù, a ti gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé ọ̀rọ̀ àná ni gbogbo èyí, pé fóònù ti yanjú rẹ̀: kọ orúkọ ibi tí o ń lọ sí i, á sọ fún ọ bóyá kí o rìn, kí o wọ bọ́ọ̀sì, tàbí kí o wọ túúbù, títí dé ẹnu ọ̀nà tí wàá gbà jáde. Òótọ́ ni, n kò sì ní bá ẹ̀rọ tó wúlò jà. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá bi fóònù ló ń dáhùn. Kò rí i pé ìyá ń fi ọwọ́ kan di orúnkún mú, tí báàgì Ghana-must-go méjì sì wà lọ́wọ́ kejì. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ibùdókọ̀ túúbù ni èèyàn ti lè ti títì dé pèpéle láì gun àtẹ̀gùn. A lè sọ fún fóònù pé ìyá kò lè gun àtẹ̀gùn, á sì wá ọ̀nà mìíràn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wà kò ní béèrè rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó dúró lẹ́nu géètì yóò rí i láì jẹ́ pé wọ́n sọ fún un, á ṣí géètì fífẹ̀, á sì ní, "Ẹ má gba ibí yìí, lífìtì wà ní ẹ̀yìn." Láti 2015 tí wọ́n ti ti àwọn ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì pa, gbangba iwájú géètì ni wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa dúró. Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú sí ìpinnu náà nígbà yẹn, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú, nítorí iṣẹ́ lọ. Síbẹ̀, ẹni tó wà ní gbangba sàn fún àlejò ju ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì lọ.

Àtakò tó wúwo jù lójú mi ni ti ìdákẹ́jẹ́. Wọ́n á ní ta lèèyàn fẹ́ bi nínú ọkọ̀ tí kò sí ẹni tó ń wo ojú ẹnikẹ́ni? Fún Yorùbá tó gbà pé ìkíni ni àkọ́kọ́ ọmọlúàbí, kí èèyàn jókòó orúnkún kan orúnkún fún ogójì ìṣẹ́jú láì sọ "ẹ káàárọ̀" le púpọ̀. Ẹ̀rí sì wà pé àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2016, ará Amẹ́ríkà kan tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù pín báàjì fún èrò túúbù kí wọ́n lè fi hàn pé àwọn ṣe tán láti bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Dípò kí wọ́n gbà á tayọ̀tayọ̀, ọ̀pọ̀ kígbe pé àwọn kò fẹ́, àwọn kan sì ṣe báàjì tiwọn tó ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má bá àwọn sọ̀rọ̀. N kò rò pé ìkórìíra ni. Nígbà tí èrò bá fún èèyàn débi pé àyà kan ẹ̀yìn ẹlòmíràn, dídákẹ́ ni àyè kan ṣoṣo tí wọ́n lè fún ara wọn, ọ̀wọ̀ sì ni wọ́n kà á sí. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni ìtàkùrọ̀sọ. Ìbéèrè yàtọ̀. Ẹni tó bá sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọkọ̀ yìí dé Stratford?" kò bẹ̀rẹ̀ ìtàkùrọ̀sọ, ó béèrè ohun tó lópin, ẹni tí wọ́n bi lè dáhùn kó sì padà sínú ìwé rẹ̀. Àwa tí a máa ń kí, kí a béèrè ilé, béèrè ọmọ, kí a tó béèrè ọ̀nà, ó yẹ kí a mọ̀ pé níbẹ̀, ìbéèrè kúkúrú kì í ṣe àìmọ̀wàáhù.

Àwọn mìíràn á tún ní àlejò tó ń dúró béèrè ń dí àwọn tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ lọ́wọ́. Kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn ti tó. Lórí àtẹ̀gùn tó ń dá rìn, apá ọ̀tún ni kí ó dúró sí, apá òsì jẹ́ ti ẹni tó ń sáré. Àṣà yìí pàápàá, ìbéèrè ti tú u wò: ní ibùdókọ̀ Holborn, láti òpin 2015, wọ́n dán an wò pé kí gbogbo èèyàn dúró ní apá méjèèjì, nítorí lórí àtẹ̀gùn tó ga ìwọ̀nba èèyàn ló ń fẹsẹ̀ gùn ún, apá òsì a sì máa ṣófo nígbà tí èrò ń fún pọ̀ nísàlẹ̀. Àtẹ̀gùn náà gbé èrò púpọ̀ sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ará ìlú kò sì nífẹ̀ẹ́ sí i, wọ́n sì padà sí àṣà wọn. Ẹni tí wọ́n bí sí ìlú náà sì lè má mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ẹnìkan á fi béèrè.

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń rántí nínú gbogbo èyí. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni ohùn ti ń kìlọ̀ fún èrò túúbù pé kí wọ́n ṣọ́ àlàfo tó wà láàárín pèpéle àti ọkọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó gba ohùn náà sílẹ̀ ni òṣèré kan tó ń jẹ́ Oswald Laurence. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rọ tuntun fi rọ́pò ohùn rẹ̀ ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku Embankment nìkan, lórí pèpéle Northern tó dojú kọ àríwá. Òṣèré náà kú ní 2007. Opó rẹ̀ a máa lọ jókòó sórí pèpéle yẹn, kó lè gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ní ìparí 2012, ó débẹ̀, ohùn mìíràn ló gbọ́. Ó lọ bá àwọn òṣìṣẹ́, ó béèrè ibi tí ohùn náà wà. Wọ́n wá a nínú àwọn ohun tí wọ́n ti kó pamọ́, wọ́n rí i, wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún un, ní 2013 wọ́n sì dá ohùn náà padà sí Embankment. Àlejò tó bá dúró sórí pèpéle yẹn á gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó yàtọ̀ sí gbogbo èyí tó ti ń gbọ́ láti Heathrow. Kò sí àkọlé kankan lára ògiri níbẹ̀ tó sọ ìdí rẹ̀.